Ọ̀ṣọ́ Tábìlì Wa Ní Ọdún Àjíǹde

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn tí ó rò pé ọ̀ràn oyè, ọ̀ràn ilẹ̀ àti ọ̀ràn ilé-ìwé nìkan ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ bíi tiwa máa dá sí. Ọ̀rọ̀ tábìlì ni, àní ohun tí a ń tò sórí rẹ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí bàbá, ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àlejò bá jọ jókòó jẹun lẹ́yìn ìsìn. A bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tiwa. Ohun tí a kò kà sí ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan, ọlọ́lá ènìyàn tí a kò ní dárúkọ, pè wá kí a wá bá òun jẹun ọdún. Ilé náà tóbi, oúnjẹ náà sì yanjú: iyán ń bẹ, ìrẹsì ń bẹ, adìẹ ń bẹ, ẹja ń bẹ. Ṣùgbọ́n ní àárín tábìlì ni a ti rí ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí. Òdòdó oníke tí ekuru ọdún mẹ́ta ti bò ni wọ́n kó sínú ìkòkò oníke. Ehoro funfun márùn-ún, tí àwọn náà jẹ́ oníke, jókòó yí i ká, pẹ̀lú ẹyin aláràbarà tí inú wọn ṣófo. Òkìtì náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà ilé náà kò fi rí ojú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ó sì jókòó sí òdìkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó kí i kí ó tó mọ̀ pé òun ni a ń kí. Nígbà náà ni ọmọdé kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, gbójú sókè tí ó sì bi bàbá rẹ̀ àgbà pé, "Bàbá, ṣé ehoro a máa yé ẹyin ni?" Bàbá dáhùn pé, "Ti òyìnbó ń yé e." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwa pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò gbàgbé ìbéèrè náà títí a fi délé.

Nígbà tí a sì ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, a rí igbá fínfín kan lórí pẹpẹ ilé ìdáná, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn afíngbá Ọ̀yọ́, tí ẹyẹ àti alángbá ń tọ ara wọn lẹ́yìn yí etí rẹ̀ ká, tí ọjọ́ sì ti sọ ara rẹ̀ di pupa bí oyin. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ìyá àgbà sọ fún wa pé igbá náà wà lára ẹrù tí ìyá òun gbé wọ ilé ọkọ.

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí á kó àlùbọ́sà sínú igbá. Ohun tí ó dùn wá ni pé ní ọjọ́ tí ilé náà ń ṣe ẹ̀yẹ jùlọ láàárín ọdún, igbá yìí wà ní ìdáná, ike sì wà ní ipò ọlá.

Níbo ni ehoro yìí ti wá? Ní ọdún 1682 ni oníṣègùn ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Georg Franck von Franckenau kọ ọ́ sínú ìwé pé, ní apá kan ilẹ̀ wọn, wọ́n a máa sọ fún àwọn ọmọdé pé ehoro ni ó ń yé ẹyin ọdún Àjíǹde, tí ó sì ń fi wọ́n pamọ́ sínú koríko. Àwọn ará Jámánì tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ni ó gbé ìtàn náà kọjá òkun, àwọn oníṣòwò sì ti sọ ọ́ di ọjà fún gbogbo ayé láti ìgbà náà. Àlọ́ ọmọdé ni, gẹ́gẹ́ bí àlọ́ ìjàpá ti jẹ́ tiwa, a kò sì bá wọn jà sí i. Àwa kàn ń béèrè bí ẹnikẹ́ni ní Jámánì bá gbé ìjàpá sórí tábìlì nítorí tiwa ni.

Ẹyin ní tirẹ̀ ní ìdí tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ òtútù, ọ̀sán a máa kúrú gidigidi nígbà òtútù, àwọn adìẹ a sì dín ẹyin yíyé kù; bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń gùn sí i, tí igi ń rúwé, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ìjọ ayé àtijọ́ sì ka ẹyin léèwọ̀ nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni adìẹ kò mọ ààwẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Àjíǹde bá fi dé, ẹyin ti kún ilé gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó pọ̀ nílé ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí, nítorí bí a bá wo àwọn ènìyàn ilẹ̀ wọ̀nnì dáadáa, a óò rí i pé kò sí èyí tí ó kọjá ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ lọ wá ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn ará Swídìn a máa gé ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́, wọn a so ìyẹ́ adìẹ aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ọn, wọn a sì kì í bọ inú omi nínú ilé títí ewé yóò fi rú lára rẹ̀. Àwọn Gíríìkì a máa pa ẹyin láró pupa ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde, láti fi ṣe ìrántí ẹ̀jẹ̀ Olúwa.

Ti àwọn ará Pólàǹdì ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ọ̀pẹ kò hù ní ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ bá súnmọ́, wọn a gé ẹ̀ka igi wílò etídò, wọn a di òdòdó gbígbẹ àti ewé tútù mọ́ ọn, wọn a sì pe ohun tí wọ́n dì náà ní ọ̀pẹ. Ní ìlú kan tí ń jẹ́ Lipnica Murowana, láti ọdún 1958 ni wọ́n ti ń bá ara wọn díje lórí ta ni yóò ṣe èyí tí ó ga jùlọ, òmíràn a sì ga ju mítà 30 lọ. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ọ̀pẹ ń hù lẹ́yìn ilé yín láìgbìn! Ẹni tí kò ní ọ̀pẹ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é; àwa tí a ní in ń lọ ra ewé oníke.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo àwọn ará Ukraine. Ìda oyin yíyọ́ ni wọ́n ń fi kọ nǹkan sára ẹyin, wọn a sì rì í sínú aró. Ibi tí ìda wà kò ní gba aró. Wọn a tún kọ, wọn a tún rì í, láti orí àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ títí dé èyí tí ó dúdú, lẹ́yìn náà wọn a yọ́ ìda kúrò, gbogbo àwòrán a sì hàn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, *pysanka*, ti ara ọ̀rọ̀ tí í jẹ́ "láti kọ̀wé" jáde. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ yìí mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Ǹjẹ́ ìyá wo ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo ni yóò gbọ́ bí a ti ń ṣe é tí kò ní sọ pé, "Iṣẹ́ wa nìyẹn"? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni! Dípò ìda, ẹ̀kọ tí a fi láfún àti álọ́ọ̀mù sè ni. Dípò ẹyin, aṣọ ni. Ìyẹ́ adìẹ ni kálàmù. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní gba aró. Àwọn aláró wa sì ti fi ọgbọ́n yìí kọ ìtàn ìlú: òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára àdìrẹ Ìbàdàndùn títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ti àjọ̀dún ọba òyìnbó ti ọdún 1935 wà lára èyí tí wọ́n ń pè ní Júbílì. Ìmọ̀ kan náà ni Ọlọ́run fi fún ìyá Ukraine àti ìyá Ẹ̀gbá. Ọ̀kan ń gbé tirẹ̀ sórí tábìlì Àjíǹde, èkejì ń ká tirẹ̀ sínú àpótí.

Nítorínáà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bí òyìnbó ní tòótọ́, kí ó wo ohun tí ó pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní àkókò náà, kí ó sì fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ehoro oníke kì í ṣe àṣà òyìnbó, kì í sì í ṣe àṣà wa. Àṣà ọlọ́jà ni.

Ọjọ́ Àjíǹde kì í ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà? Ọyẹ́ ti lọ, òjò àkọ́rọ̀ ti kan ilẹ̀, àgbẹ̀ ti ń gbin àgbàdo. Kajú pọ́n, òmíràn pupa, òmíràn bí wúrà. Máńgòrò ti ń já bọ́. Àgbálùmọ̀ ń kógbá sílé, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí i. Bí a bá kó àwọn mẹ́ta yìí sínú igbá fínfín kan, tí a tẹ́ ewé gbòdògì tútù sí abẹ́ wọn, kò sí òdòdó ilẹ̀ òkèèrè kan tí yóò dúró níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ yóò sì jẹ ọ̀ṣọ́ náà tán. Òdòdó oníke kò lè ṣe èyí. Kí igbá náà má ga o. Kí ó mọ níwọ̀n ibi tí àgbà yóò ti rí ojú àgbà.

Ní ti aṣọ tí a óò tẹ́, àdìrẹ ni a yàn. Bí ó bá jẹ́ tuntun, kí a ṣàn án nínú omi tútù títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó má baà kun apá aṣọ funfun tí àlejò wọ̀ wá. Ẹnìkan nínú wa dábàá aṣọ òkè. Àwa kò gbà fún un. Ẹni tí ó bá tẹ́ sányán Ìsẹ́yìn sábẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹ jẹ́ kí á máa wò ó. Ẹní Ògòtún ní tirẹ̀ dára, pàápàá bí a bá gé e ní ìwọ̀n àwo kọ̀ọ̀kan.

Ẹyin ni àwọn ọmọdé yóò fẹ́ràn jù, a sì ti dán èyí wò nílé ara wa. Kí a bó èèpo gbígbẹ ara àlùbọ́sà bí mẹ́wàá, kí a sè é nínú omi fún ìwọ̀n ìdajì wákàtí, omi náà yóò pọ́n bí osùn. Kí ọmọ wá já ewé kékeré kan tí a ń jẹ, ewé efinrin dára fún un, kí ó tẹ́ ẹ mọ́ ara ẹyin tútù, kí ó fi àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e mọ́lẹ̀ kí ó má yẹ̀, kí ó sì so ó le. Nígbà tí omi aró náà bá ti tutù díẹ̀, kí a kó ẹyin sí i, kí a tún gbé e kaná títí ẹyin yóò fi jinná. Bí a bá tú àkísà náà, ara ẹyin yóò ti pọ́n rúsúrúsú, àwòrán ewé náà yóò sì funfun kedere lára rẹ̀. Ìyá àgbà tí ó bá wà nítòsí yóò sọ fún ọmọ náà pé àdìrẹ oníko ni ó ṣe yẹn. Epo díẹ̀ ni kí a fi pa á kí ó máa dán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rì í sínú aró èlú o: omi eérú inú ìkòkò aró kò dára fún ohun tí a óò jẹ.

Ó kù ní ti imọ̀ ọ̀pẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí a gé e, kí a fi aṣọ tútù wé e di òwúrọ̀. Àwọn ọmọ lè hun ún bí ìdì irun, kí wọ́n fi yí ẹsẹ̀ igbá ká. Àgbélébùú kékeré tí a fi imọ̀ hun, tí a gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, tí ó sì wà lẹ́yìn dígí láti ìgbà náà, ipò rẹ̀ ni orí tábìlì yìí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé màrìwò, aṣọ Ògún ni, kí onígbàgbọ́ má gbé e wọlé. A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìjọ kan náà ni ó ń jù ú sókè ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi pẹpẹ, kò sì sí ẹni tí ó bi í bí ó bá ti bá Ògún ṣe májẹ̀mú. Mojola Agbebi, ẹni tí ń jẹ́ David Brown Vincent kí ó tó pa orúkọ rẹ̀ dà ní ọdún 1894, kò dẹ́kun láti wàásù ìhìnrere nítorí pé ó wọ aṣọ ilẹ̀ baba rẹ̀. Aṣọ náà ni ó sì wọ̀ lọ sí òkè òkun. Bí oníwàásù bá lè wọ agbádá, tábìlì rẹ̀ lè wọ àdìrẹ. Ewé kan ṣoṣo ni àwa fúnra wa yọ sílẹ̀, ìyẹn akòko. Ẹ̀yin ìjòyè mọ ìdí rẹ̀. Ewé tí a fi ń joyè kì í ṣe ohun tí à ń tò yí àwo ìrẹsì ká.

Àwọn mìíràn, tí ìtara wọn ju tiwa lọ, sọ pé tábìlì gan-an ni kí á jù nù, kí á padà sórí ẹní. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Tábìlì ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ti ń jẹun lórí rẹ̀ ní Èkó láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, ọmọ Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo àwọn Àgùdà wọ̀nyí: ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, frèjọ́n ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀wà tí a sè pẹ̀lú omi àgbọn, tí a fi ẹja tì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti Brazil ni wọ́n ti gbé e bọ̀, wọn kò sì tíì fi í sílẹ̀ fún oúnjẹ inú agolo ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó bá ti gba ọwọ́ ìyá ẹni dé ọ̀dọ̀ ẹni ti di tẹni. Bẹ́ẹ̀ ni Gálílì, ìgbafẹ́ ọjọ́ kejì Àjíǹde: inú Bíbélì ni a ti rí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí i ní ilẹ̀ wa, pẹ̀lú ìlù àti ankárá, kò ní ṣì í mọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù kọjá ẹwà tábìlì. Afíngbá kò lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí kò sí olùrà. Aláró tí kò rí ẹni tí yóò pàṣẹ aṣọ tábìlì mẹ́rin lọ́dún yóò pa ìkòkò aró rẹ̀ dé. Igbá kan láti ilé kọ̀ọ̀kan nínú ilé àwọn tí ń ka ìwé yìí tó láti fún afíngbá kan ní iṣẹ́ fún oṣù púpọ̀. Owó tí a ń ná lórí ike kò sì kéré sí èyí tí a óò ná lórí igbá, nígbà tí ike yóò ṣá lẹ́yìn ọdún méjì, tí igbá yóò sì máa pọ́n sí i. Àwọn ará wa Mùsùlùmí tí a ń pè wá bá wa jẹun ní Àjíǹde, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń lọ bá wọn jẹ ẹran Iléyá, ti sọ fún wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ehoro yìí kò yé àwọn. Kò yé àwa náà. Igbá yé gbogbo wa.

A ti fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa tí a bá jẹun ní ọdún tí ó kọjá, nítorí a kò fẹ́ kí ó kọ́kọ́ kà á níhìn-ín. Kò bínú. Ó dá wa lóhùn pé wọ́n ti kó àlùbọ́sà kúrò nínú igbá náà, wọ́n ti pa èèpo rẹ̀ mọ́ fún ẹyin, ìyá àgbà sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ igbá náà. Nígbà tí ó fọ̀ ọ́ tán ni wọ́n rí i pé ó ti là ní etí kan, níwọ̀n ìka mẹ́ta. Ní ìgbà èwe ìyá náà, kò sí àdúgbò tí kò ní ẹni tí ń rán igbá tí ó là. Ó ti rán àwọn ọmọ káàkiri ọjà, wọn kò rí ẹnìkan. Bí olùkà wa kan bá mọ ẹni tí ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà, ní ìlú yìí tàbí ní ìlú tí ó yí wa ká, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa kí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tó dé.